Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Àkànṣe: Ẹ́ńjìnnì 168F kan àti Ẹsọ́ọ̀sì Tuntun tí Mo Kọ́ fún Un

Jẹnẹrétọ̀ tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ ti ìyá aránṣọ kan ní Mọ́níyà, ní Ìbàdàn. Òun ni ó ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rin, fáànù méjì àti áyọ́ọ̀nù kan nínú ṣọ́ọ̀bù wọn nígbàkígbà tí iná ìjọba bá lọ. Láti ìgbà tí owó epo bẹntiróòlù ti fò sókè lẹ́yìn oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ìyá náà ti ń ka iye epo tí wọ́n ń rà, wọ́n sì rí i pé ohun tí jẹnẹrétọ̀ náà ń mu kò bá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mu mọ́. "Ọmọ mi," wọ́n wí fún mi, "ó ń jẹ bí ẹni tó ń roko, ṣùgbọ́n a ò rí ebè tó kọ." Wọ́n tún ṣàlàyé pé ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí àwọn gbọ́ ohun tí oníbàárà ń sọ, àti pé orí máa ń fọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ní ọ̀sán gbogbo. Ọ̀rọ̀ orí fífọ́ yìí ni ó kó mi láyà jẹ jù lọ, nítorí abẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù gan-an ni jẹnẹrétọ̀ náà jókòó sí.

168F ni wọ́n tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì náà, nọ́ńbà yẹn sì ní ìtumọ̀. Ení ni iye sìlíńdà rẹ̀, ìyẹn yàrá tí epo ti ń jó, 68 ni fífẹ̀ sìlíńdà náà ní mìlímítà, F sì ń sọ pé afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú, kì í ṣe omi. Àwòkọ Honda GX160 ni, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní Ṣáínà ń ṣe. Písítìnì rẹ̀, irin tí ń lọ sókè sódò nínú sìlíńdà, ń rìn ní mìlímítà 45 láti òkè dé ìsàlẹ̀, èyí tí ó fún wa ní àyè 163 cc nínú sìlíńdà nígbà tí a bá fi fífẹ̀ sìlíńdà kún ìṣirò náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni iná ń ṣẹ́ nínú yíyípo méjì, nítorí náà, bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan, tí ó jẹ́ ìyára tí ó ń mú iná 50 Hz jáde (iná tí ń lọ tí ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), iná yóò máa ṣẹ́ nínú rẹ̀ nígbà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo fẹ́ kí òǹkàwé fi nọ́ńbà 25 yìí sọ́kàn, nítorí a óò padà bá a níwájú.

Kí n tó tú nọ́ọ̀tì kankan, mo wọn ohun tí ó wà nílẹ̀. Àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe kì í sábà ṣe èyí, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò bá wọn nǹkan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò lè mọ̀ bóyá òun ṣe é dáadáa nígbà tí ó bá parí. Láìgbé nǹkan kan, iná rẹ̀ wà ní 56 Hz. Nígbà tí mo so áyọ́ọ̀nù 1000 watt àti gílóòbù 100 watt márùn-ún mọ́ ọn, ó já wá sí 44. Ẹni tí ó ti ṣe é ṣáájú mi ti fa sípírìn-ìn gọ́fánọ̀, ìyẹn ẹ̀yà tí ó ń di ìyára ẹ́ńjìnnì mú, kí ó lè máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ, kí a má baà rí àìlera tí ó wà nínú rẹ̀. Lítà epo kan gbé áyọ́ọ̀nù nìkan fún ìṣẹ́jú 52. Fóònù mi, tí mo gbé sí mítà márùn-ún sí i, ka ariwo náà sí 79 dB, òṣùwọ̀n ariwo. Mo mọ̀ pé fóònù kì í ṣe ẹ̀rọ ìwọnhùn gidi, ṣùgbọ́n fóònù kan náà ní ojú ibi kan náà tó fún ìfiwéra.

Ìwọ̀n tí ó kẹ́yìn ni ó dá iṣẹ́ dúró. Mo gbé ẹ̀rọ kékeré tí ń ṣọ́ carbon monoxide, gáàsì olóró inú èéfín ẹ́ńjìnnì, sórí tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ, kò sì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ó fi ka 86 ppm, ìyẹn ìdá 86 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́. Mo pa jẹnẹrétọ̀ náà lójú ẹsẹ̀, mo sì bẹ ìyá pé kí wọ́n má ṣe tan án mọ́ títí n ó fi parí iṣẹ́. Gáàsì yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tí ó ju igba lọ ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ, débi pé ẹ̀jẹ̀ á máa yí nínú ara láìgbé ọ́síjìn tí ó tó dání. Orí fífọ́ ni àmì àkọ́kọ́ tí ó máa ń fi hàn. Àwọn ọmọ náà ti ń rò pé ojú tí àwọn ń tẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ ni ó ń fà á.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe láti ara ẹsọ́ọ̀sì, nítorí ẹsọ́ọ̀sì tí ó dára jù lọ láyé kò lè wo ẹ́ńjìnnì tí ń jò sàn. Gééjì tí a fi ń wọn agbára ìfúnpọ̀ máa ń tan ni jẹ lórí irú ẹ́ńjìnnì yìí: ẹ̀yà kékeré kan wà lára ọ̀pá tí ń gbé fáàfù (ìlẹ̀kùn kékeré tí epo ń gbà wọlé tàbí tí èéfín ń gbà jáde), tí ó máa ń ṣí fáàfù ẹsọ́ọ̀sì díẹ̀ nígbà tí a bá ń fa okùn, kí okùn má baà le jù lọ́wọ́. Gééjì á wá máa ka ìwọ̀n kékeré, yálà ẹ́ńjìnnì dára tàbí kò dára. Ọ̀nà tí mo gbà ni pé mo fọ́ tánganran inú púlọ́ọ̀gì àtijọ́ kan dànù, mo jó ẹnu táyà mọ́ ìkarahun irin rẹ̀, mo sì dè é sí ojú ihò púlọ́ọ̀gì. Mo mú písítìnì dé òkè pátápátá níbi tí fáàfù méjèèjì ti tì, ọmọ iṣẹ́ mi di fláìwíìlì, kẹ̀kẹ́ wúwo tí ń bá ẹ́ńjìnnì yí, mú gírígírí, fúkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sì fún wa ní atẹ́gùn. Ibi mẹ́ta ni a ń fetí sí: ihò ọ́ìlì, ẹnu kabúrétọ̀ (ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò) àti ẹnu sáílẹ́ńsà. Ihò ọ́ìlì dákẹ́, kabúrétọ̀ dákẹ́, ṣùgbọ́n bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo gbé sí ẹnu sáílẹ́ńsà ń gbọ̀n rìrì. Fáàfù ẹsọ́ọ̀sì ni ó ń jò.

Nígbà tí mo ṣí ìdérí fáàfù, mo rí ìdí rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, àlàfo tí ó wà láàárín fáàfù tí ń gba epo wọlé àti apá tí ń tẹ̀ ẹ́ yẹ kí ó jẹ́ mìlímítà 0.15, ti ẹsọ́ọ̀sì yẹ kí ó jẹ́ 0.20. Ewé irin ìwọnàlàfo tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ lọ́wọ́ mi, tí ó jẹ́ 0.05, kò ríbi wọ̀ ní ti ẹsọ́ọ̀sì. Díẹ̀díẹ̀ ni ìjókòó fáàfù máa ń jẹ, tí fáàfù náà á sì máa wọ inú lọ, tí àlàfo á fi tán pátápátá. Nígbà tí ó bá tán, fáàfù kò ní lè jókòó dáadáa mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni orí ìjókòó yìí gan-an ni ó ti máa ń gbé ooru ara rẹ̀ sílẹ̀. Fáàfù tí kò bá rí ibi jókòó yóò jó. Èyí tí mo yọ jáde ní ojú kan ní ẹ̀bá rẹ̀ tí iná ti là bí ìgbà tí àgbàrá bá la ojú ọ̀nà, eteetí rẹ̀ sì funfun. Bí wọ́n bá ti wọn àlàfo yìí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ìbá jẹ́, owó ìbá má sì jáde rárá.

Mo ra fáàfù tuntun àti gásíkẹ́ẹ̀tì ní Agodi Gate. Ìlọ̀ fáàfù gba ọ̀sán kan gbáko. Mo fi ọ̀rá tí a fi ń lọ irin sí etí fáàfù, mo fi igi olórí rọ́bà gbá a mú, mo sì ń yí i síwá sẹ́yìn láàárín àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì bí ẹni tí ń po ìjábẹ̀, tí mò ń gbé e sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ọ̀rá náà lè tún ara rẹ̀ tẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń ha bí iyanrìn. Nígbà tí ó yá, ó di jẹ́jẹ́, òrùka àwọ̀ eérú kan tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà kan lọ sì yọ yípo láìjá. Mo da kẹrosíìnì sí ihò ẹsọ́ọ̀sì, mo sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀kán kan kò jò.

Ọ̀kan nínú bóòtù méjì tí ó ń di ẹsọ́ọ̀sì mú ti kán mọ́ inú orí ẹ́ńjìnnì láti ọjọ́ pípẹ́, wáyà sì ni ẹnì kan ti fi dè é. Irin ni bóòtù, alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì, ooru sì máa ń fẹ alumíníọ̀mù tó ìlọ́po méjì bí ó ṣe ń fẹ irin. Nítorí náà, ooru ni ọ̀rẹ́ ẹni níbẹ̀, kì í ṣe agbára. Mo jó nọ́ọ̀tì mọ́ orí kùkùté bóòtù náà, mo fi iná gáàsì yí i ká, mo sì fi àbẹ́là kan ibẹ̀ kí ìda rẹ̀ lè ṣàn wọnú ẹsẹ̀ bóòtù. Nọ́ọ̀tì méjì ni ó já kúrò. Ẹ̀kẹta ni ó gbà, ó dún kẹ́ẹ́, ó sì ń yí bọ̀ pẹ̀lú èéfín ìda àbẹ́là. Mo fi bóòtù 8 mm tuntun méjì sí i, mo sì dé orí ẹ́ńjìnnì padà, mo fún bóòtù rẹ̀ le dé ìwọ̀n 24 N·m.

Ti kabúrétọ̀ kò gba àkókò. Ẹnì kan ti fi wáyà gún jẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn ihò tóóró tí epo ń gbà kọjá, ihò náà sì ti fẹ̀, epo wá ń pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Epo bẹntiróòlù nílò afẹ́fẹ́ tí ó wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po 14.7 kí ó tó lè jó tán. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó, carbon monoxide ni ìyókù rẹ̀ máa ń dà. Jẹ́ẹ̀tì tuntun kò wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi wáyà gún jẹ́ẹ̀tì. Atẹ́gùn ni a fi ń fọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó kọjú sí ẹsọ́ọ̀sì. Mo la sáílẹ́ńsà àtijọ́ náà sí méjì. Àwọn páánù inú rẹ̀ ti dípẹtà, wọ́n ti já, ọ̀kan nínú wọn sì ti yí wá bo ìdajì ẹnu ọ̀nà àbájáde. Bóyá nítorí pé ẹ́ńjìnnì kò lágbára mọ́ ni ẹnì kan fi lu ihò méje sí ìkarahun rẹ̀ láti ìta. Báyìí ni sáílẹ́ńsà náà ṣe ń pariwo, tí ó sì tún ń fún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló gbà gbọ́ pé ẹni tí ó bá fẹ́ agbára gbọ́dọ̀ fara mọ́ ariwo, òun náà ni àwọn ọlọ́kadà fi ń yọ sáílẹ́ńsà wọn dànù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ń pa ariwo ni àyè ńlá, ohun tí ń pa agbára ni ọ̀nà tóóró, ọ̀tọ̀ sì ni àwọn méjèèjì.

Mo kọ́kọ́ ronú bóyá mo lè mú kí páìpù náà ran ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ láti fa èéfín jáde. Nígbà tí fáàfù ẹsọ́ọ̀sì bá ṣí, ìgbì èéfín á sáré lọ dé ibi tí páìpù ti ṣí sí gbangba, ìgbì tí ń fà á sì padà wá sẹ́yìn. Bí ó bá padà dé gẹ́lẹ́ nígbà tí fáàfù fẹ́ tì, á fa èérí tó kù nínú sìlíńdà dànù. Nínú èéfín tí ó gbóná tó 500°C, ohùn ń rìn ní nǹkan bí mítà 560 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní 3000 yíyípo, àkókò tí a ní jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú 90 ìṣẹ́jú-àáyá, nítorí náà páìpù náà ìbá gùn tó mítà mẹ́ta kí ó tó wọ àpótí kankan. Kò sí àyè fún èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Mo fi èrò náà sílẹ̀, mo sì pinnu pé kí ẹsọ́ọ̀sì mi má sáà ti dí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́.

Páánù irin 1.5 mm ni mo ká di àgbá tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, tí ó sì gùn ní 20. Àyè inú rẹ̀ jẹ́ lítà mẹ́ta àbọ̀, ìyẹn ju ìlọ́po 20 àyè inú sìlíńdà lọ. Nígbà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni èéfín ń já lu inú àgbá yìí. Bí ó bá rí àyè, á tú ká, ìfúnpá rẹ̀ á rọlẹ̀, yóò sì máa ṣàn jáde bí odò dípò kí ó máa já bí ìbọn. Mo pín in sí yàrá méjì, ọ̀kan sẹ̀ǹtímítà 12, èkejì 8. Páìpù tí ó ti ara ẹ́ńjìnnì wọlé fẹ̀ ní mìlímítà 25 nínú, mo dí ìdí rẹ̀, mo sì lu ihò 80 sí i lára, ọ̀kọ̀ọ̀kan 4 mm. Àpapọ̀ ojú ihò wọ̀nyí jẹ́ ìlọ́po méjì ojú ihò páìpù fúnra rẹ̀, kí èéfín má baà fún ara rẹ̀ níbẹ̀.

Wẹ́dà tí ó bá mi jó o fẹ́ lo páìpù omi tí a fi zinc bò, nítorí òun ni ó wà nílẹ̀. Mo ní kí ó jọ̀wọ́ gbé e sílẹ̀. Iná wẹ́dà gbóná ju ibi tí zinc ti ń hó lọ, èyí tí ó jẹ́ 907°C, èéfín funfun tí ó ń jáde sì máa ń dá ibà sí ẹni tí ó bá fà á símú ní alẹ́ ọjọ́ náà. Páìpù dúdú ni a lò. Láàárín ẹ́ńjìnnì àti àgbá náà, mo fi ọrùn tí ó lè tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, irú èyí tí wọ́n ń lò lábẹ́ ọkọ̀, sí i, nítorí orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì ti ń gbọ̀n ní gbogbo ìgbà, àgbá tó wúwo bẹ́ẹ̀ ìbá sì kán àwọn bóòtù tuntun náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Òpó irin ibòji ni mo so àgbá náà mọ́, kò fi ìwúwo kankan sára ẹ́ńjìnnì.

Níbi ìrù ẹsọ́ọ̀sì ni mo ti ṣe àṣìṣe. Páìpù ìdajì íǹṣì, tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní bíi mìlímítà 15, ni ó kù sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì fi ṣe ìrù mítà mẹ́ta tí ó kọjá etí òrùlé, pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́ méjì. Ohùn rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, inú mi sì dùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí a so ẹrù 1500 watt mọ́ ọn, iná já sí 45 Hz, ọrùn ẹsọ́ọ̀sì sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Mo so rọ́bà tí ó mọ́ gaara mọ́ páìpù bàbà kékeré tí mo jó sí ẹnu àgbá, mo tẹ̀ ẹ́ bí lẹ́tà U, mo sì bu omi sí i. Omi náà fi sẹ̀ǹtímítà 46 ga ju ara rẹ̀ lọ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, èyí tí ó fi hàn bí èéfín ṣe há sínú àgbá tó. Bí a bá dín fífẹ̀ páìpù kù sí ìdajì, tí èéfín tí ń gba inú rẹ̀ kọjá kò sì dínkù, ìdènà á di nǹkan bí ìlọ́po 32. Èmi tí mo ti ka èyí, tí mo sì mọ̀ ọ́n, ni mo fi ohun tó wà nílẹ̀ ṣe é. Mo gé ìrù náà kúrò ní ọjọ́ kejì, mo fi páìpù íǹṣì kan rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú ìtẹ̀sí onígun 45 dípò ìgbọ̀nwọ́, omi inú rọ́bà sì wá sí sẹ̀ǹtímítà márùn-ún.

Mo lu ihò 3 mm sí ibi tí ó rẹlẹ̀ jù lọ nínú àgbá náà. Lítà epo kan tí ó bá jó máa ń mú omi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan jáde, apá kan rẹ̀ sì ń dì sínú irin nígbà tí ẹsọ́ọ̀sì bá ṣì tutù. Àìsí irú ihò yìí ni ó jẹ́ kí sáílẹ́ńsà àtijọ́ náà dípẹtà láti inú wá.

Mo dá sípírìn-ìn gọ́fánọ̀ padà sí ipò rẹ̀. Láìgbé nǹkan kan, ó wà ní 51.5 Hz, pẹ̀lú 1500 watt, ó dúró sí 49. Lítà epo kan gbé áyọ́ọ̀nù náà fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ariwo rẹ̀ ní mítà márùn-ún wá sí 66 dB. A gbé ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ gáàsì padà sórí tábìlì ìgéṣọ, ó sì ka òdo fún wákàtí méjì tí jẹnẹrétọ̀ fi ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ náà, mo kọ̀ nígbà tí ìyá béèrè bóyá àwọn lè gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí nítorí olè. "Ẹ má bínú mà," mo wí fún wọn, "oríkèé kan péré tí ó bá là lára páìpù yẹn tó láti dá gbogbo rẹ̀ padà." Dípò bẹ́ẹ̀, mo jó ṣéènì mọ́ òpó ibòji fún wọn, ẹ̀rọ aṣọ́gáàsì náà sì wà lára ògiri wọn títí di òní.

Lẹ́yìn 50 wákàtí iṣẹ́, mo padà lọ. Mo pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, tí kò ju lítà 0.6 lọ. Àlàfo fáàfù ẹsọ́ọ̀sì ti wá sí 0.18, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe retí lára fáàfù tuntun tí ó ń wá ìjókòó. Mo dá a padà sí 0.20. Ẹnu púlọ́ọ̀gì ní àwọ̀ gúgúrú tí a yan díẹ̀, kò dúdú mọ́. Omi tí ń kán láti inú ihò àgbá dúdú ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni ó mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni ojú ibi tí wẹ́dà ti jó irin pọ̀ lára apá tí ó so àgbá mọ́ òpó, tí ó ti sán bí irun orí. Mo gé apá náà kúrò, mo sì fi òmíràn tí ó nípọn ní 4 mm rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú rọ́bà táyà láàárín irin méjèèjì. Ìyá ti kọ ọjọ́ tí mo tún máa wá wọn àlàfo fáàfù sí ara kàlẹ́ńdà tí wọ́n ń kọ ọjọ́ gbígba aṣọ sí.